ALFRED WEGENER: ỌKÙNRIN TÓ NÍ ILẸ̀ Ń RÌN

Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lórí pátákó wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe olóṣèlú, kò sì gbá bọ́ọ̀lù. Ojú ọjọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀: afẹ́fẹ́, òjò, yìnyín. Síbẹ̀, òun ló dìde láàárín àwọn tó ń fi ìmọ̀ òkúta jẹun, tó sọ fún wọn pé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé lórí ń rìn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Ó ti kú ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ayé tó gbà pé ó rí nǹkan. Alfred Wegener ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì ni.

Àwọn tó ń ṣe Jọ́gíráfì ti lè rí orúkọ rẹ̀ nínú nóòtì wọn, ìlà kan péré, tí wọ́n kọ ọdún 1912 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ò tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí kan àwọn Science, ó kan àwọn Art, ó kan àwọn Commercial, ó tilẹ̀ kan àwọn tísà wa náà. Ẹ má bínú sí mi o, ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

ỌMỌ PÁSÍTỌ̀ NÍ BERLIN

Wọ́n bí Alfred Wegener ní ìlú Berlin ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 1880. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó tún jẹ́ olùkọ́ èdè àtijọ́, òun ló sì ń bójú tó ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan.

Ní yunifásítì, ìmọ̀ nípa ìràwọ̀ ni Wegener kà, ó sì gboyè dókítà nínú rẹ̀ ní ọdún 1905. Ènìyàn á rò pé ó parí nìyẹn, pé ìdí ìràwọ̀ ni yóò jókòó sí títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Rárá o. Kíá ló yà sí ìmọ̀ ojú ọjọ́. Òun àti Kurt ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fi káìtì àti bàlúùnù wádìí afẹ́fẹ́ òkè. Ní oṣù kẹrin ọdún 1906, tẹ̀gbọ́n tàbúrò wọ inú bàlúùnù ńlá kan, wọ́n sì wà lójú ọ̀run fún wákàtí 52 àbọ̀ láìsọ̀kalẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú bàlúùnù nígbà náà.

Ọdún yẹn kan náà ló bá àwọn ará Dẹ́ńmáàkì lọ sí Greenland. Greenland ni erékùṣù tó tóbi jù láyé, yìnyín ló sì bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n lò níbẹ̀. Olórí ìrìn àjò náà, Ludvig Mylius-Erichsen, àti ènìyàn méjì mìíràn kú síbẹ̀. Wegener padà wálé láàyè. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ yìnyín kì í ṣe ibi eré, síbẹ̀ ó ṣì tún padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn.

Nígbà tó dé láti Greenland, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Marburg. Àwọn tó kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó mọ bí a ṣe ń tú ohun tó le palẹ̀, láìfi ìmọ̀ dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́. Marburg yìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó ń rìn ti bẹ̀rẹ̀.

MÁÀPÙ TÍ GBOGBO ÈNÌYÀN Ń WÒ

Ní ìparí ọdún 1910, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gba ìwé máàpù ayé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn Kérésìmesì. Wegener ń ṣí i wò, ló bá rí i pé etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà àti etíkun Áfíríkà bá ara wọn mu. Ẹ̀yin náà, ẹ wo máàpù ayé dáadáa. Ẹ wo ibi tí Bràsíl ti yọ ìgúnpá síta. Ẹ wá wo etíkun tiwa, bó ṣe gba Lọmé, Kútọnu àti Èkó kọjá, tó wá ṣẹ́rí sí gúúsù ní Kamẹrúùnù. Ẹ fi ọkàn yọ òkun tó wà láàárín kúrò. Ṣé ẹ rí i? Ìgúnpá yẹn á wọ kọ̀rọ̀ yẹn, bí ìgbà tí a bá ya ewé kan sí méjì tí a tún tò ó pọ̀.

Ká sọ òótọ́, Wegener kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Láti ọdún 1596 ni Abraham Ortelius, ayàwòrán máàpù, ti sọ pé ó jọ pé ńṣe ni Amẹ́ríkà ya kúrò lára Áfíríkà àti Yúróòpù. Àwọn mìíràn náà ti rí i lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹ̀rí tó pọ̀ tó láti gbé e dúró. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n la fi ń ṣọgbọ́n. Ohun tí Wegener ṣe nìyẹn. Ní ọdún 1911, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé àwọn tí iṣẹ́ wọn kò jọ tirẹ̀: àwọn tó ń wa egungun àtijọ́, àwọn tó ń ṣe ìwádìí ewéko, àwọn tó ń fọ́ òkúta.

Ohun tó rí níbẹ̀ yà á lẹ́nu. Ẹranko kan wà láyé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Mesosaurus, ó jọ alángbá, inú omi ló ń gbé, kò sì tóbi. Ibi méjì péré ni wọ́n ti rí egungun rẹ̀ tó ti di òkúta: Gúúsù Amẹ́ríkà níhà Bràsíl, àti ìhà gúúsù Áfíríkà. Báwo ni ẹranko kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá? Ewéko kan náà wà, Glossopteris, tí wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú òkúta ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ní Áfíríkà, ní Íńdíà àti ní Ọsirélíà. Àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó ń ṣe ìwádìí òkúta àti ilẹ̀, mọ gbogbo èyí. Àlàyé tiwọn ni pé afárá ilẹ̀ kan ti wà láàárín àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì rí, tó wá rì sínú òkun.

Wegener ò gbà. Ó ní òkúta tó para pọ̀ di kọ́ńtínẹ́ǹtì fúyẹ́ ju òkúta tó wà nísàlẹ̀ òkun lọ. Ohun tó fúyẹ́ kì í rì sínú ohun tó wúwo. Ẹ ti igbá bọ inú omi, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní léfòó? Bí ilẹ̀ ò bá lè rì, a jẹ́ pé kò sí afárá kankan tó rì. Àwọn ilẹ̀ náà gan-an ló ti wà pọ̀ rí, tí wọ́n wá fi ara wọn sílẹ̀.

Ó tún wo ojú ọjọ́, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Èédú wà nínú ilẹ̀ ní Spitsbergen, lẹ́bàá òpin àríwá ayé, bẹ́ẹ̀ inú igbó tútù tí ewéko pọ̀ sí ni èédú ti ń wá. Ní Bràsíl, ní Gúúsù Áfíríkà àti ní Íńdíà níbi tí oòrùn ti ń mú, ojú òkúta àtijọ́ fi hàn pé yìnyín ńlá ti wọ́ kọjá lórí wọn. Bí ilẹ̀ bá ti dúró sójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀, báwo ni èyí ṣe fẹ́ rí bẹ́ẹ̀?

Àpèjúwe kan wà tí òun fúnra rẹ̀ lò, tó bá pátákó wa yìí mu. Ká ní ẹnìkan fa ìwé ìròyìn ya, tí a sì fẹ́ tò ó pọ̀. A ó kọ́kọ́ wò ó bóyá etí rẹ̀ bá ara mu. Lẹ́yìn náà, a ó kà á bóyá ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì wọ èyí tó wà lápá ọ̀tún. Bí ìlà kan bá wọ ara, a lè ní ó ṣèèṣì ni. Bí ìlà mẹ́wàá bá wọ ara, kí la tún fẹ́ sọ? Etíkun ni etí ìwé náà. Egungun, ewéko, òkúta àti òkè ni àwọn ìlà ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 1912, ní ìlú Frankfurt, Wegener dìde níwájú àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì ó sì sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà náà. Wladimir Köppen tiẹ̀ ti gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ojú ọjọ́. Köppen yìí ni ẹni tó pín ojú ọjọ́ ayé sí ọ̀nà tí a ń kọ́ nínú Jọ́gíráfì, òun náà sì ni bàbá Else, ọmọbìnrin tí Wegener fẹ́ fi ṣe aya. Ẹ ò rí i pé kò rọrùn láti kọ ìmọ̀ràn àna ẹni!

YÌNYÍN, ÌGBÉYÀWÓ ÀTI OGUN

Lọ́dún yẹn kan náà ló tún gba Greenland lọ, òun àti J. P. Koch ará Dẹ́ńmáàkì pẹ̀lú ọkùnrin méjì mìíràn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo ìgbà òtútù lórí yìnyín náà. Koch já sínú kòtò jíjìn kan tó là sínú yìnyín, ó sì dá ẹsẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ san, wọ́n fi ẹṣin kéékèèké fa ẹrù la Greenland kọjá lọ́dún 1913, ìrìn tó lé ní 1,000 kìlómítà. Àwọn ẹṣin náà ò yè é. Oúnjẹ tán, ebi sì mú wọn débi pé wọ́n pa ajá wọn jẹ. Pásítọ̀ kan tó ń gba ojú omi lọ bẹ ìjọ rẹ̀ wò ló ṣalábàápàdé wọn tó sì gbà wọ́n là.

Ó padà sílé, ó sì fẹ́ Else. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí. Ṣùgbọ́n ní 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì pè é sógun. Ìbọn bà á lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó ń gba ìtọ́jú, ìwé ló ń kọ. Ní ọdún 1915 ni ìwé náà jáde, ó sọ bí àwọn kọ́ńtínẹ́ǹtì àti òkun ṣe di ohun tí wọ́n jẹ́. Kò tó ojú ewé 100. Nínú ogun, ta ló ráyè kà á?

Wegener ò jẹ́ kó sú òun. Ó tún ìwé náà ṣe ní 1920, ó tún un ṣe ní 1922, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1929. Bí ẹ̀rí tuntun bá ti yọ, á fi kún un. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo kọ́ńtínẹ́ǹtì para pọ̀ jẹ́ láyé àtijọ́ ni a wá mọ̀ sí Pangaea, èyí tó túmọ̀ sí gbogbo ilẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Köppen tó ní kó fi í sílẹ̀ náà wá di ẹni tó ń tì í lẹ́yìn. Ní 1924, àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé lórí ojú ọjọ́ ayé àtijọ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ KÒ RÍ DÁHÙN

Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, ariwo wá ta. Ní 1926, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan lórí rẹ̀ ní New York, ọ̀pọ̀ àwọn tó sọ̀rọ̀ ló sì ta kò ó. Àwọn kan ní kì í ṣe onímọ̀ jiọ́lọ́jì, pé kí ló wá ṣe nínú oko olóko. Ní Jámánì tó jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kò rí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́. Yunifásítì Graz ní Ọ́síríà ló fún un ní 1924.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe òdodo sí àwọn alátakò rẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ni òmùgọ̀ tàbí onílara. Ìbéèrè kan wà lẹ́nu wọn tó tọ́: kí ló ń ti ilẹ̀ náà? Kọ́ńtínẹ́ǹtì kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Agbára wo ló lè wọ́ gbogbo Áfíríkà lórí òkúta líle? Wegener dáhùn pé yíyí tí ayé ń yí, àti fífà tí òṣùpá àti oòrùn ń fà á, lè wà nídìí rẹ̀. Harold Jeffreys, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò hàn pé agbára yẹn kéré jọjọ, kò lè gbé nǹkan kan. Òótọ́ ni Jeffreys sọ. Wegener tún ní Greenland ń rìn ní ọ̀pọ̀ mítà lọ́dún kan. Ìyẹn náà pọ̀ jù. Lónìí a mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni.

Níbí yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ìbéèrè méjì ló wà. Àkọ́kọ́: ṣé ilẹ̀ ń rìn? Èkejì: kí ló ń mú un rìn? Wegener gba àkọ́kọ́, ó kùnà nínú èkejì. Àwọn alátakò wá fi ìkùnà èkejì da ti àkọ́kọ́ nù. Bí ewúrẹ́ bá kúrò ní ìso, tí okùn rẹ̀ já sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn lójú ọ̀nà, ẹnìkan lè ní a ò tíì mọ ohun tó já okùn náà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé ó wá yẹ kó ní ewúrẹ́ ṣì wà ní ìso? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn fún nǹkan bí ogójì ọdún.

ÌRÌN ÀJÒ ÌKẸYÌN

Ní 1930, Wegener kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Greenland, òun ni olórí. Wọ́n fẹ́ wọn bí yìnyín ibẹ̀ ṣe nípọn tó, kí wọ́n sì kọ ojú ọjọ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún odindi ọdún kan. Wọ́n ṣe ibùdó kan sí àárín gbùngbùn yìnyín náà, 400 kìlómítà sí etíkun. Eismitte ni wọ́n sọ ọ́. Ọkùnrin méjì, Johannes Georgi àti Ernst Sorge, ló ń gbé níbẹ̀ nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú yìnyín.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń lọ́ tìkọ̀. Yìnyín dí ojú òkun fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó lé kí ẹrù wọn tó dé èbúté. Oúnjẹ àti epo tó dé Eismitte kò tó. Àwọn méjì náà ránṣẹ́ pé bí ẹrù ò bá dé kí ó tó di ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, àwọn á fẹsẹ̀ rìn jáde. Kò sí rédíò lọ́dọ̀ wọn. Wegener mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń rìn lọ bá. Ló bá gbéra ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú Fritz Loewe àti ọmọ ilẹ̀ Greenland 13, tí ajá ń fa ẹrù wọn. Òtútù náà ò ṣe é fẹnu sọ, ó jìn sí 50 lábẹ́ òdo. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà padà lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló dúró, ọ̀dọ́kùnrin kan tó lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, Rasmus Villumsen.

Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi rìn ín. Ọjọ́ 30, oṣù kẹwàá ni wọ́n dé Eismitte, wọ́n sì ti ju ẹrù nù lójú ọ̀nà kí wọ́n tó lè débẹ̀. Georgi àti Sorge ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti yí ìpinnu wọn padà, wọ́n ti rí i pé bí àwọn bá ṣọ́ epo àti oúnjẹ lò, àwọn lè dúró. Kò sí ọ̀nà tí Wegener fi lè mọ̀. Òtútù ti ba ẹsẹ̀ Loewe jẹ́, kò lè rìn mọ́, ọ̀bẹ àpò ni Georgi fi gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ tó wà kò lè tó ènìyàn márùn-ún títí òtútù á fi lọ.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kọkànlá, ọdún 1930, Wegener pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ráńpẹ́. Ọjọ́ yẹn náà lòun àti Villumsen mú ajá 17, wọ́n sì forí lé etíkun, kí oúnjẹ lè tó àwọn mẹ́ta tó kù. Kò sẹ́ni tó rí wọn láàyè mọ́.

Oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni wọ́n tó rí òkú Wegener ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ti sin ín dáadáa sínú yìnyín, wọ́n sì ti ri pátákó ìyọ̀rìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ibẹ̀ lè ṣe é dá mọ̀. Ó jọ pé ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Villumsen ló sin ín, nínú òtútù yẹn, òun nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn ló kó ìwé àkọsílẹ̀ Wegener, ó sì ń lọ. Títí dòní a ò rí Villumsen, a ò rí ìwé náà. Nígbà tí ẹ bá ń rántí Wegener, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí orúkọ ọmọkùnrin yìí náà.

BÍ IRỌ́ BÁ LỌ LÓGÚN ỌDÚN

Òtítọ́ kì í yára, ṣùgbọ́n ó máa ń dé. Alexander du Toit ní Gúúsù Áfíríkà ti lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà láti 1923, ó sì rí òkúta tó bá tilé rẹ̀ mu níbẹ̀. Arthur Holmes ará Gẹ̀ẹ́sì dá àbá kan nípa ohun tó ń ti ilẹ̀. Ó ní ooru inú ayé ló ń mú òkúta jíjìn nísàlẹ̀ yí po díẹ̀díẹ̀, èyí tó gbóná ń gòkè, èyí tó tutù ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ wo ògì lórí iná bó ṣe ń rú, tí ìpara tó dì lójú rẹ̀ ń sún lọ sún bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àfi pé òkúta líle ni tinú ayé, mílíọ̀nù ọdún ló sì ń gbà.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìsàlẹ̀ òkun. Marie Tharp, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí wọn kì í jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ìwádìí, jókòó sílé ó ń fi nọ́ńbà tí àwọn ọkùnrin kó wá ya máàpù. Ó rí i pé òkè gígùn kan wà lábẹ́ Àtìláńtíìkì, pé ó là láàárín. Wọ́n kọ́kọ́ fi òun náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1962, Harry Hess sọ pé ibi tó là yẹn ni òkúta yíyọ́ ti ń jáde, tó ń di ìsàlẹ̀ òkun tuntun, tó sì ń ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Fred Vine àti Drummond Matthews ṣàlàyé ẹ̀rí rẹ̀. Bí òkúta yíyọ́ bá ń dì, ó máa ń gba ìdarí òòfà ayé sára. Òòfà ayé sì ti yí àríwá sí gúúsù lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlà òòfà yìí wà lára ìsàlẹ̀ òkun, èyí tó wà lápá ọ̀tún sì bá ti òsì mu bí ọ̀nà ilà ojú. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 fi ń parí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà. Ewúrẹ́ ti kúrò ní ìso lóòótọ́.

A wá mọ̀ pé kì í ṣe kọ́ńtínẹ́ǹtì nìkan ló ń rìn. Èèpo ayé pín sí pẹpẹ ńláńlá, ìsàlẹ̀ òkun wà lára pẹpẹ, ilẹ̀ wà lára pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń lọ. Níbí ni Wegener ò ti rí i tán.

ILẸ̀ TIWA ŃKỌ́?

Tiwa wà níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ń pínyà, ní ohun tó lé ní 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ fẹ́ ya sí ọ̀nà mẹ́ta ní ìhà tiwa. Ọ̀nà méjì di òkun. Ọ̀nà kẹta dúró lójú ọ̀nà, kò ya tán, ó wá di àfonífojì tí Odò Bẹ́núé ń gbà kọjá lónìí. Bí kò bá dúró ni, bóyá òkun ni ì bá wà níbẹ̀. Òkúta àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá sì ní ìbátan ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl. Àpáta Ìdànrè ti wà kí Òkun Àtìláńtíìkì tó wà. Òkun tí ọkọ̀ ẹrú kó àwọn baba ńlá wa gbà lọ sí Bàhíà, ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ nígbà kan rí.

Ìrìn náà ò sì tíì tán. Àtìláńtíìkì ń fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ́dún, bí èékánná ṣe ń hù. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 16, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Bràsíl ti fi nǹkan bí rúlà kan àbọ̀ jìnnà sí wa. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ń là. Áfíríkà ń ti Yúróòpù, òkun tó wà láàárín wọn ń pa dé.

Àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kí gbogbo ilẹ̀ tún para pọ̀ ní nǹkan bí 200 sí 250 mílíọ̀nù ọdún sí i. Christopher Scotese ará Amẹ́ríkà ní Àtìláńtíìkì á tún padà pa dé, tí Amẹ́ríkà á sì tún fara kan Áfíríkà. Pangaea Ultima ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní rárá, Amẹ́ríkà àti Éṣíà ni yóò pàdé lápá àríwá, wọ́n pe ìyẹn ní Amasia. Wọ́n ṣì ń jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń jiyàn mọ́ pé ilẹ̀ ń rìn. Ibi tó ń lọ ni wọ́n ń jà lé lórí.

OHUN TÓ KÀN WÁ

Àwọn kan á ka ìtàn yìí, wọ́n á ní: ṣé ẹ rí i, ẹni tí gbogbo ayé bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló máa ń jàre. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni kò jàre. Yẹ̀yẹ́ kọ́ ló fún Wegener ní àre, ẹ̀rí ni. Ó sì tún ìwé rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀rí.

Ní ilé-ìwé wa, láti SS 1 ni wọ́n ti pín wa. Bí ọmọ Art bá béèrè ọ̀rọ̀ nípa àtọ́ọ̀mù, a ní kó lọ jókòó. Bí ọmọ Science bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìtàn, a ní ta ló pè é. Ọmọ tó ń ka ìràwọ̀, tó di olùkọ́ ojú ọjọ́, ló tún gbogbo ìmọ̀ ilẹ̀ tò. Ká ní ó dúró sí kíláàsì rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí nǹkan tí ẹlòmíràn ò rí, ẹ má kàn máa pariwo, ẹ lọ kó ẹ̀rí jọ. Bí ẹ ò bá mọ ìdáhùn sí apá kan, ẹ gbà pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ohun tó ṣàjèjì wá, ẹ bá wa yọ èyí tí kò tọ́ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da èyí tó tọ́ nù mọ́ ọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ Press Club, SS 2